Ìlú Bath Nínú Fọ́tò: Ṣé Ilé Lẹ Fẹ́ Yà ni, àbí Èèyàn?

Nígbà tí ìyá mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta, mo mú wọn lọ sí Bath, ìlú àtijọ́ kan ní Ìlú Ọba. Láti Bristol tí à ń gbé, ọkọ̀ ojú irin kì í lò tó 20 ìṣẹ́jú kó tó débẹ̀. Wọ́n ró ìró àdìrẹ tí wọ́n rà ní Ìtòkú, aró rẹ̀ dúdú mininjọ, wọ́n wé gèlè tó bá a mu, wọ́n sì dúró síwájú Royal Crescent. Mo sún sẹ́yìn, mo tún sún sẹ́yìn, kí gbogbo ilé ńlá náà lè wọnú fọ́tò. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èmi lò ń yà ni, àbí ilé?"

Nígbà tí a délé tí a wo fọ́tò ọ̀hún, ìyá mi ò ju èékánná lọ nínú rẹ̀, ojú wọn sì ṣú bí ẹni tó dúró sábẹ́ igi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, oòrùn ọ̀sán ló wà lórí wọn. Ó dùn mí. Ọjọ́ mélòó ni èèyàn ń rí ìyá ẹ̀ ní Ìlú Ọba?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń padà lọ sí Bath, nígbà òtútù àti nígbà ooru, pẹ̀lú fóònù àti pẹ̀lú kámẹ́rà, ìbéèrè ìyá mi ni mo sì fi ń wọn ibi gbogbo tí mo bá dé. Ibi tó dára fún ilé lè má dára fún èèyàn. Bí ẹ bá ti mọ èyí tí ẹ fẹ́ nínú méjèèjì kí ẹ tó kúrò nílé, á rọrùn fún yín láti yan ibi tí ẹ máa lọ àti àkókò tí ẹ máa débẹ̀.

Òkúta yẹn ló ń ṣe ojú wa báyẹn

Òkúta kan náà ni wọ́n fi kọ́ ààrin ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ látòkè délẹ̀: òkúta ẹfun aláwọ̀ oyin tí wọ́n ń wà lábẹ́ àwọn òkè tó yí Bath ká. Ralph Allen ló fi ibi ìwakùsà rẹ̀ ní Combe Down di olówó nígbà ayé àwọn Ọba George. Tí ojú ọjọ́ bá ṣú, òkúta yìí á dà bí ẹ̀kọ tó ti tutù. Tí oòrùn bá rẹlẹ̀, á máa tàn bí oyin tí wọ́n gbé síwájú fìtílà. Ní ayé tí wọ́n ń dá iná èédú, èéfín ti sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú, kí wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òkúta tó funfun tó báyẹn máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú aláwọ̀ dúdú tó wà níwájú ògiri á sì di òkùnkùn. Ohun tó ṣe ìyá mi nìyẹn. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni tí ẹ fẹ́ yà, kí ẹ wá fa àmì oòrùn kékeré tó bá jáde sókè díẹ̀. Lórí kámẹ́rà, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un níbi tí wọ́n kọ +/− sí, láti +2/3 títí dé +1. Ògiri lè funfun jù díẹ̀, ẹ jẹ́ kó funfun. Ògiri kò ní bínú.

Aṣọ náà ń bẹ níbẹ̀. Mo ti rí àwọn tó wọ léèsì aláwọ̀ wàrà wá ya fọ́tò ọjọ́ ìbí níbẹ̀. Aṣọ olówó ńlá ni, ṣùgbọ́n ògiri gbé e mì, kò sì yọ rárá. Àdìrẹ aláró, òfì pupa, àńkárá aláwọ̀ ewé tó jinlẹ̀, àwọn wọ̀nyí ló ń dá dúró lójú òkúta Bath. Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan, àdìrẹ ni. Aró àti àwọ̀ oyin máa ń gbé ara wọn ga.

Royal Crescent àti Circus

Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ní òpópónà Brock Street ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹbí kan náà ló sì yàwòrán wọn. John Wood àgbà ló bẹ̀rẹ̀ Circus, ìyẹn àwọn ilé tó tò yíká, ní 1754, ó kú kó tó lọ jìnnà, ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà sì parí rẹ̀ ní 1768. Ọmọ yìí ló tún kọ́ Crescent láti 1767: ilé 30 tó so pọ̀, tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, tó ní òpó 114 níwájú.

Ẹni tó bá fẹ́ ya ilé, Crescent ni kó lọ. Kó má dúró sójú títì bí mo ti ṣe, torí lẹ́ńsì tó gbòòrò jù lórí fóònù á tẹ etí ilé náà wọ́. Kó sọ̀kalẹ̀ lọ sínú pápá Royal Victoria Park, kọjá kòtò tí wọ́n fi ògiri há, èyí tí wọ́n gbẹ́ kí màlúù má bàa wọ iwájú ilé olówó. Pápá òkè kòtò, ti àwọn onílé ni. Ti ìsàlẹ̀ ni tiwa. Láti ìsàlẹ̀ yìí, gbogbo ilé náà á wọlé láìtẹ̀. Gúúsù ni ilé náà kọjú sí, nítorí náà apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ló ń tàn láàárọ̀, apá ìlà-oòrùn níbi tí Nọ́ńbà 1 wà á sì gba tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Èmi fẹ́ràn ti ìrọ̀lẹ́, nítorí òjìji á wà láàárín òpó kan àti èkejì, ilé náà á sì ní ìjìnlẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, pẹrẹsẹ ló máa ń rí.

Ẹni tó bá fẹ́ ya èèyàn, kó lọ sí Circus. Róbótó ni, ọ̀nà mẹ́ta ló wọ inú rẹ̀, nítorí náà kò sí ìgbà tí apá kan kò ní oòrùn tí apá kejì kò ní òjìji. Ẹ gbé ẹni yín sínú òjìji, kí ògiri tí oòrùn ń lù lódì kejì máa ta ìmọ́lẹ̀ padà sí i lójú. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀fẹ́ nìyẹn, ó sì rọ̀ ju ti fílááṣì lọ. Lókè ilẹ̀kùn, wọ́n fín àwòrán kéékèèké sí òkúta yíká, ejò, ohun èlò orin, irinṣẹ́ oríṣiríṣi, wọ́n ju 500 lọ. Lẹ́ńsì tó ń fa nǹkan súnmọ́ ló máa rí wọn dáadáa. Àléébù Circus ni àwọn igi ńlá tó wà láàárín rẹ̀: nígbà ooru, ewé wọn á bo ilé mọ́lẹ̀. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, ẹ̀ka nìkan ló máa kù, ẹ ó sì rí ilé láàárín wọn.

Níbi méjèèjì, ilé èèyàn nìwọ̀nyí. Ẹ má jókòó sórí àtẹ̀gùn onílé.

Afárá Pulteney: ibi mẹ́ta tí ẹ lè dúró sí

Robert Adam ló yàwòrán afárá yìí, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1774. Ṣọ́ọ̀bù wà lọ́tùn-ún lósì lórí rẹ̀, débi pé ẹni tó ń gbà á kọjá lè má mọ̀ pé odò Avon wà lábẹ́ òun. Nísàlẹ̀ rẹ̀, omi ń dà lórí àtẹ̀gùn mẹ́ta tó tẹ̀ bí bàtà ẹṣin.

Grand Parade ni gbogbo ayé ń dúró sí. Ó ga, ọ̀fẹ́ ni, afárá àti omi á sì wọlé pọ̀. Fọ́tò tí ẹ máa yà níbẹ̀, ẹ ti rí i rí kí ẹ tó débẹ̀. Ọgbà Parade Gardens rẹlẹ̀ díẹ̀, ó ní òdòdó, wọ́n sì ń gba owó ìwọlé díẹ̀ lọ́wọ́ àlejò. Ibẹ̀ dára fún ẹbí tó mú ọmọdé àti àgbà dání, nítorí àga wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù: ẹ kọjá afárá, ẹ gba àtẹ̀gùn tó sọ̀kalẹ̀ sétí omi lódì kejì. Níbẹ̀, omi á dé fẹ́rẹ̀ẹ́ ibi tí bàtà yín wà, ẹ lè lọ sílẹ̀ gan-an kí omi gba ìdajì fọ́tò, kí afárá jókòó sókè. Tí ẹ bá fẹ́ kí omi yọ̀ bí àrán, ẹ jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là sílẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ gbé e lé nǹkan tí kò mì. Lórí iPhone, ẹ tan Live, ẹ yà á, kí ẹ wá yan Long Exposure lẹ́yìn náà.

Ẹ̀yìn afárá náà, lápá àríwá, kò sẹ́ni tó ń fi ránṣẹ́ sílé. Àwọn onílé ìtajà ti fi yàrá lé yàrá níbẹ̀, fèrèsé kan ga, òmíràn rẹlẹ̀. Èmi yà á. Ojú iwájú ni Adam yàwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni àwọn tó ń jẹun lórí afárá náà ti fi ọwọ́ ara wọn kọ ìtàn tiwọn.

Omi gbígbóná: ọ̀sán tàbí alẹ́

Omi yìí ni ìdí ìlú. Òjò tó ti rọ̀ sórí òkè Mendip láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn wọlẹ̀ lọ jìnnà, ó gbóná lọ́hùn-ún, ó sì ń tú jáde ní 46°C, ó lé ní lítà mílíọ̀nù kan lóòjọ́. Àwọn ará Róòmù bá òrìṣà kan níbẹ̀, Sulis, wọ́n fi ti wọn tó ń jẹ́ Minerva kún un, wọ́n kọ́ tẹ́ḿpìlì àti ilé ìwẹ̀, wọ́n sì pe ìlú ní Aquae Sulis. Èyí kò jọ mí lójú rárá; ọmọ ilẹ̀ Ọ̀ṣun ni mí níhà ọ̀dọ̀ baba, mo mọ̀ pé kì í ṣe lásán ni èèyàn ń bọ omi. Ẹni tó bá sì ti dé Ìkógòsì ní Èkìtì, tó ti ki ẹsẹ̀ bọ ibi tí omi gbígbóná àti tútù ti pàdé, á fẹ́ ki ọwọ́ bọ Great Bath, adágún ńlá ilé ìwẹ̀ náà. Wọn kò gbà á láyè níbẹ̀. Wíwò nìkan ni. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀, ilé ìwẹ̀ Thermae Bath Spa wà nítòsí láti 2006.

Òkè àti ìsàlẹ̀ ló wà nínú ilé ìwẹ̀ àwọn ará Róòmù. Láti òkè, ẹ ó rí omi aláwọ̀ ewé náà, òpó tó yí i ká, àti ilé-ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Abbey lẹ́yìn, nínú fọ́tò kan ṣoṣo. Fọ́tò ilé nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń yà: àwọn ère ọba Róòmù tó dúró lókè, 1894 ni wọ́n gbẹ́ wọn, òpó tó ga náà sì jẹ́ ti ayé Ọbabìnrin Victoria. Láti ìsàlẹ̀ òpó lọ sínú omi ni ti Róòmù gan-an wà, títí kan òjé tí wọ́n fi tẹ́ ìsàlẹ̀ adágún náà. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ohun àtijọ́, kó sọ̀kalẹ̀, kó ya òkúta tí ẹsẹ̀ ti jẹ létí omi. Ìsàlẹ̀ yìí náà ló dára fún èèyàn, torí omi á gbé àwòrán rẹ̀ padà.

Ọ̀sán ooru ni mo kọ́kọ́ lọ. Èrò pọ̀, oòrùn bọ́ sí apá kan omi, apá kejì sì dúdú. N kò rí ẹyọ fọ́tò kan mú bọ̀. Ẹ lọ ní àárọ̀ òtútù, kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn: ooru á máa rú lójú omi bí èéfín, ìmọ́lẹ̀ á wọ inú rẹ̀, àwọn èèyàn á máa yọ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń bọ̀ láti ayé mìíràn. Tàbí kí ẹ lọ ní alẹ́ ìgbà ooru tí wọ́n ń pẹ́ kí wọ́n tó tì, nígbà tí iná ògùṣọ̀ ń jó láàárín òpó. Fún awọ ara wa, alẹ́ ògùṣọ̀ yìí borí. Iná pupa rúsúrúsú yẹn mọ bí wọ́n ti ń bá awọ dúdú sọ̀rọ̀. Á ràn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á ràn sí orí imú. Ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà sọ àwọ̀ náà di funfun fún yín. Ẹ mú ètò àwọ̀ rẹ̀ (white balance) kúrò ní ọ́tò.

Ní àárọ̀ òtútù, kámẹ́rà tó tutù tó bá wọ ibi ooru, lẹ́ńsì rẹ̀ á làágùn. Èmi nu tèmi, nu tèmi, ó tún ń bò, kí n tó mọ̀ pé kò ju kí n fi sílẹ̀ nínú báàgì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó kọ́kọ́ gbóná.

Ní gbọ̀ngàn Pump Room tó wà lókè rẹ̀, wọ́n ń bu omi náà fún èèyàn mu. Ìyá mi gbà á ní ọwọ́ méjèèjì, wọ́n mu ẹnu kan, wọ́n di ojú, ìpéǹpéjú wọn gbọ̀n. "Omi irin," ni wọ́n wí. Mo yà wọ́n ní ìgbà tí ojú wọn wà ní dídì yẹn, láàárín fèrèsé àti ife. N kò rí Pump Room kankan nínú fọ́tò ọ̀hún, n kò sì wá a.

Ti Abbey kò gùn. Ìwọ̀-oòrùn ni ojú rẹ̀ kọ, níbi tí àwọn áńgẹ́lì òkúta ti ń gun àkàsọ̀ lọ sókè, nítorí náà, kò sóhun tí ẹ ń wá níbẹ̀ láàárọ̀. Ẹ lọ nígbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀, òjìji á wà lábẹ́ ìyẹ́ áńgẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Ní ti wíwo ìlú láti òkè, ẹ lè gun àtẹ̀gùn 212 inú ilé-ìṣọ́ rẹ̀ pẹ̀lú owó, tàbí kí ẹ gun òkè Alexandra Park lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi yan òkè, torí gúúsù ìlú ló wà: oòrùn kì í sábà bọ́ síwájú kámẹ́rà yín, Abbey fúnra rẹ̀ á sì wà nínú fọ́tò.

Níbi tí àwọn ará ìlú wà

Àlejò ló pọ̀ ní iwájú Abbey. Ẹ ó rí àwọn tó ń lu gìtá, tó ń kọrin, wọ́n sì ti mọ́ra kí wọ́n máa ya àwọn. Ẹ ju owó sínú àpótí kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sókè. Ṣùgbọ́n àwọn ará Bath gan-an wà níbòmíràn.

Ọjà méjì ni mo máa fi wéra. Guildhall Market wà láàárín ìlú, inú ilé, oríṣiríṣi gílóòbù ló ń tàn níbẹ̀, àwọ̀ ojú á máa yí láti ìsọ̀ kan sí èkejì. Green Park Station jẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ tí ọkọ̀ ti dẹ́kun àtidé láti 1966. Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn àgbẹ̀ ń tajà lábẹ́ òrùlé gíláàsì rẹ̀ tó ga. Gíláàsì yẹn ń sẹ́ oòrùn bí ẹni ń sẹ́ ògì. Ohun tó ń bọ́ sójú èèyàn ti kúnná. Fún ojú olójà àti ọwọ́ tó ń wọn ẹ̀fọ́, Green Park ni.

Tí ẹ bá sì ní wákàtí kan péré fún ìgbé-ayé ojoojúmọ́, ẹ fi ọjà sílẹ̀, kí ẹ lọ sí odò àgbẹ́ Kennet àti Avon, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, ní Widcombe. Àwọn kan fi ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ilé níbẹ̀. Igi ìdáná àti kẹ̀kẹ́ wà lórí òrùlé ọkọ̀ wọn, èéfín ń jáde láti ihò kékeré. Ìlẹ̀kùn omi kan wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí omi wọlé tàbí jáde láti gbé ọkọ̀ sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀, ó jìn tó nǹkan bíi mítà mẹ́fà. Mo bá obìnrin kan níbẹ̀ tó fẹ́ ṣí i. Ó fi ẹ̀yìn ti igi gbọọrọ tó so mọ́ ìlẹ̀kùn náà, ó ta ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ bíríkì tí wọ́n ti tẹ́ síbẹ̀ fún un, ó sì ń tì. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ó ń tì síbẹ̀, ojú rẹ̀ balẹ̀, kò kánjú, títí omi inú àti ti ìta fi dọ́gba, ìlẹ̀kùn náà sì yí jẹ́jẹ́ bí ẹni pé kò wúwo rí. Mo ti bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ya ọwọ́ mi, má ya irun mi." Ọwọ́ ni mo yà: ìbọ̀wọ́ tó já níka, ọ̀dà lára igi.

Ẹ bèèrè ni, àbí ẹ má bèèrè? Ní Ìlú Ọba, òfin kò dí yín lọ́wọ́ láti ya èèyàn lójú pópó fún ara yín, ṣùgbọ́n inú ọjà àti ilé ìtajà, ti onílé ni, ó lè ní rárá. Ọmọdé, ẹ bèèrè lọ́wọ́ òbí rẹ̀, láìsí àwíjàre. Fọ́tò tí ẹ kò bèèrè á ní ìṣe nínú. Èyí tí ẹ bèèrè á ní ojú nínú. Èmi ń bèèrè nítorí mo mọ bó ṣe ń rí lára kí àlejò gbé kámẹ́rà sí èèyàn lójú ní ọjà Ìtòkú láìkí i.

Ibi méjì fún àwa aláwọ̀ dúdú

Beckford's Tower ga lórí òkè Lansdown, orí rẹ̀ jẹ́ wúrà, ojú ìrọ̀lẹ́ sì yẹ ẹ́. Owó ṣúgà Jàmáíkà, òógùn àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, ni William Beckford fi kọ́ ọ. Ní apá kejì ìlú, Fairfield House dúró láìṣe fáàrí. Ibẹ̀ ni Haile Selassie, ọba Etiópíà, gbé lẹ́yìn tí Ítálì lé e kúrò nílẹ̀ rẹ̀ ní 1936, ó sì fi ilé náà ta ìlú Bath lọ́rẹ ní 1958. Tí ẹ bá ń wá ẹwà, ilé-ìṣọ́ ni. Èmi yan Fairfield. Mo gbé ọmọ mi dúró síwájú ilẹ̀kùn tí ọba aláwọ̀ dúdú ń gbà wọlé, mo sì sọ ìtàn náà fún un kí n tó ya fọ́tò, ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi rí bó ṣe rí nínú rẹ̀.

Fóònù tàbí kámẹ́rà

Lójú ọjọ́, fún ilé, fóònù tó. Kámẹ́rà ń gba iṣẹ́ rẹ̀ nídìí ògùṣọ̀, nínú ọjà, àti fún àwọn àwòrán orí òkúta Circus. Tí ẹ bá ní lẹ́ńsì kan ṣoṣo, ẹ mú 35mm tàbí 50mm tó ń la ojú dáadáa, kí ẹ sì gbé aṣọ ìnulẹ́ńsì méjì, torí òjò.

Kí ìyá mi tó padà sílé, a tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò sún sẹ́yìn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan lórí afárá Pulteney, wọ́n ń fi ìka wo aṣọ kan tí wọ́n fi kọ́, bí wọ́n ṣe ń wò ó ní Ìtòkú, bóyá aró rẹ̀ á ṣí. Mo tẹ ojú wọn lórí fóònù, mo fa oòrùn sókè díẹ̀. Fọ́tò yẹn ló wà nínú férémù ní pálọ̀ wọn ní Abẹ́òkúta báyìí. Òkúta tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìbú ọwọ́ lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gèlè.